Ẹni Tó Ta Ọ̀nà Òkun

Irọ́ ni wọ́n ń pa pé olè kì í jí ọ̀nà gbé. Wọ́n jí ti Ìdí-Àgbọn gbé, ojú gbogbo ayé ni wọ́n sì ti jí i. Àwọn obìnrin jí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbé bàsíà karí, wọ́n forí lé etí òkun bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, géètì irin dúdú kan ni wọ́n bá lójú ọ̀nà. Ó ga ju ẹni tó nawọ́ sókè lọ. Ògiri bílọ́ọ̀kù tí wọ́n ti ń mọ bọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì látìgbà òjò ti wá pàdé lára géètì náà, kò sí àyè tí ewúrẹ́ lè gbà kọjá, ká má tíì sọ èèyàn tó gbé bàsíà. Wọ́n ń gbọ́ ìró ìgbì lẹ́yìn ògiri, ṣùgbọ́n wọn kò rí òkun.

Wọ́n kúkú ti ń rí ògiri náà tẹ́lẹ̀. Ta ni kò rí i? Wọ́n ní ilé ìgbafẹ́ ni wọ́n ń kọ́, pé àwọn olówó Lekki àti Ajah á máa wá ṣe fàájì níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, pé iṣẹ́ á sì wà fún àwọn ọmọ ìlú. Ẹni tí wọ́n bá ṣèlérí iṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀ kì í wo ògiri lẹ́ẹ̀mejì.

Mọ̀nsúrát ló wà níwájú. Àti kékeré ló ti ń yan ẹja, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé. Ọdúnjọ ọkọ rẹ̀ ni olórí àwọn afàwọ̀n, òun ló ń pín ẹja fún tẹrú tọmọ bí àwọ̀n bá ti gúnlẹ̀. Nítorí náà, Ìyá Ẹlẹ́ja ni gbogbo ìlú ń pe Mọ̀nsúrát, kò sì sí obìnrin tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sí etí òkun. Ó fi ọwọ́ gbá irin náà.

"Ta ló wà níbẹ̀? Ẹ wá ṣílẹ̀kùn!"

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ sìkiọ́rítì yọjú láàárín irin. Samson ni wọ́n ń pè é. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ rárá.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mummy, abeg, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀gá ní n ò gbọ́dọ̀ ṣí i."

"Ọ̀gá wo? Ṣé ọ̀gá yín ló dá òkun ni?"

"Wọ́n ti ta ibí fún wọn, mà. No be me o. Àgbà kan nínú ìlú yín ló tọwọ́ bọ̀wé. Bí ẹ bá fẹ́ dé òkun, ẹ yí gba géètì kejì níbi tí àwọn àlejò ń gbà. Wọ́n á já tíkẹ́ẹ̀tì fún yín."

"Tíkẹ́ẹ̀tì!" Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí èèyàn máa ń rín bí wọ́n bá gbá a létí lójú ọjà. Tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ kí òkun tí wọ́n fi omi rẹ̀ wẹ̀ wọ́n lọ́mọ ọwọ́!

Àwọn ọkùnrin tó ru okùn àti àjẹ̀ dé bá wọn níbẹ̀, Ọdúnjọ sì wà láàárín wọn. Ariwo sọ. Ẹnì kan ní kí wọ́n wó ògiri, ẹlòmíràn ní ọlọ́pàá á kó wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Samson sọ ti wọ Mọ̀nsúrát lára ju géètì lọ. Àgbà kan nínú ìlú yín. Ó yíjú sí obìnrin tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi òkun àná tí wọ́n fi ń ṣan ẹja, ó gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣí ìdérí rẹ̀. Ariwo rọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Ìdí-Àgbọn, wọn kì í fi omi òkun ṣeré lẹ́nu. Ẹni tó bá bù ú sẹ́nu, tó tu ú jáde, ohun tó bá sọ tẹ̀ lé e ti kúrò ní ọ̀rọ̀ lásán. Ẹnu tó sọ ọ́ nìkan ló lè tú u, níbi tó ti sọ ọ́, lójú àwọn tó ṣe àṣẹ sí i, kí àwọn náà sì tún ṣe àṣẹ sí títú rẹ̀, kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti òkun, òkun kì í sì í dá ohun tó bá gbé padà. Ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ni Mọ̀nsúrát fi bu omi náà o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ráyè rán an létí.

Ó tu omi sára géètì.

"Ẹni tó ta ọ̀nà òkun, kó máa wá ọ̀nà ilé ara rẹ̀ kó má rí i! Ohun tó fi owó rẹ̀ rà, kó má bá a kalẹ́! Ọmọ tí wọ́n bá bí nínú ilé rẹ̀, kó má mọ adùn ẹja, kó má mọ ibi tí wọ́n sin baba ńlá rẹ̀ sí!"

"Àṣẹ!" Wọ́n ṣe é, wọ́n tún un ṣe. Láàárín àwọn ọkùnrin, ohùn kan ròkè ju ti gbogbo wọn lọ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin méjì kan fi bojú wẹ̀yìn. Ohùn Ọdúnjọ ni. Orí Mọ̀nsúrát wú. Ó ní bí ọkọ ṣe ń gbè lẹ́yìn aya nìyẹn.

Wọ́n padà sílé láìrí ẹja. Odidi ìlú etí òkun ni o, tí ààrò gbogbo tutù bí ìgbà tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Mọ̀nsúrát wá ẹja yíyan díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú agbọ̀n, ó fi se ọbẹ̀ ata, ó tẹ ẹ̀bà. Tolúwani, àkọ́bí rẹ̀, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó na ẹsẹ̀ tó ti wú. Ilé ìyá rẹ̀ ló wá bímọ sí, oyún náà sì ti wọ oṣù rẹ̀. Ọdúnjọ jókòó sórí àga ní pálọ̀. Ó ti ń fi ọwọ́ ra orókùn rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé.

Ìyá Àyànlọ́lá, aládùúgbò wọn, kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Obìnrin yìí dàgbà ju Mọ̀nsúrát lọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ bí ìlú bá gbóná.

"Ìyá Ẹlẹ́ja, o ṣe é! Ó dùn mọ́ mi nínú. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Wọ́n ti mọ olè náà o."

Mọ̀nsúrát sọ ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀. "Ta ni?"

"Bíọ́dún ni! Bíọ́dún tó ń fa okùn pẹ̀lú àwọn ọkọ yín. Níbo ló ti rówó ra ọ̀kadà? Ẹni tó ń jẹ gàrí láìsí ṣúgà lọ́jọ́sí! Hakeem àtàwọn ọ̀dọ́ yòókù ti lọ mú un. Wọ́n ní àwọn á wọ́ ọ lọ síbi géètì, kó lọ jẹ́wọ́ níbi tó ti ṣẹ̀."

"Samson ní àgbà ni," ni Tolúwani wí. "Bíọ́dún kì í ṣe àgbà."

"Àgbà ló rán an níṣẹ́ nígbà náà. Ejò lọ́wọ́ nínú."

"Kí wọ́n nà án dáadáa," ni Mọ̀nsúrát wí. "Kí ó mọ̀ pé ọ̀nà kì í ṣe sùúyà tí èèyàn ń gé tà."

Ìyá Àyànlọ́lá rẹ́rìn-ín, ó bu ẹ̀bà kan fi tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé, ó sì bọ́ síta láti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé mìíràn. Mọ̀nsúrát gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Tolú, ẹ jẹun."

"Ebi ò pa mí."

"Látàárọ̀? Ẹ̀bà ti ń tutù."

Ọdúnjọ kò wo oúnjẹ náà. "Ìyá Tolú, ègún yẹn. Ṣé kò ṣe é tú ni?"

"Ègún olè? Kí n tú u nítorí ta ni?"

Ọdúnjọ tẹrí ba. Ilẹ̀ ló ń wò. Mọ̀nsúrát náà bá a wo ilẹ̀. Táìsì funfun ni wọ́n tẹ́ sí pálọ̀ náà, ó ń dán, òun fúnra rẹ̀ ló ń nù ún láràárọ̀ kí ó tó kírun. Ojú rẹ̀ kúrò lára táìsì, ó bọ́ sára fíríìsà ńlá tó wà nígun ilé. Ó kúrò lára fíríìsà, ó gòkè dé àjà tuntun. Nígbà tó dé ikùn Tolúwani, ibẹ̀ ló dúró sí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ ní owó àjọ ni."

"Owó àjọ wà níbẹ̀."

"Ẹ ní owó àjọ ni, Bàbá Tolú!"

"Gbọ́ mi ná. Ọgbà àgbọn ni mo tà. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ọ̀nà àti èyí tó wà lápá òsì. N ò ta ọ̀nà. Ta ló ń ta ọ̀nà, Mọ̀nsúrát? Ọ̀nà ò ní baba, kò ní ìyá, ti gbogbo ayé ni. Wọ́n wọn ilẹ̀ wọn láti igun kan dé ìkejì, mo rí wọn tí wọ́n ń rìn kọjá lórí ọ̀nà, n ò sọ nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí èèyàn bá ta ilé, ṣé ó máa ń ṣàlàyé pé òun ò ta afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ni?"

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó gba ara rẹ̀ gbọ́, bóyá ó sì gba ara rẹ̀ gbọ́ lóòótọ́. Láyé baba rẹ̀, ẹni tó bá ta oko méjì kò ta ọ̀nà tó wà láàárín wọn. Àwọn tó rà á kò gbọ́ nípa ayé baba rẹ̀ rí.

"Ọgbà náà ńkọ́?" ni Mọ̀nsúrát béèrè. "Ṣé tiyín ni?"

Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ti àwọ̀n ni. Ìlú fi ọgbà àgbọn náà sí ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ olórí afàwọ̀n, kí wọ́n lè rí ibòji sá àwọ̀n sí, kí opó àti aláìsàn sì lè máa ṣa àgbọn tó bá já bọ́.

"Èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀," ni Ọdúnjọ wí. "Wo Lakowe. Wo Ibeju. Ta ni kò tà? Bí mo bá di tèmi mú, wọ́n á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kan, n ó sì máa wò wọ́n bí ọ̀bọ."

Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni gbogbo wọn máa ń sọ, láti Igbó Ẹfọ̀n títí dé ibi tí ọ̀nà ńlá parí sí. Ẹni tó rà nìkan là ń bú. Bí a bá béèrè ẹni tó tà, gbogbo ilé á di odi.

"Ẹ sì ṣe àṣẹ," ni Mọ̀nsúrát wí. "Ohùn yín ló ga jù."

"Gbogbo wọn ló ń wò mí. Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ ṣe àṣẹ sórí ara yín!"

"Mọ́mì." Tolúwani ti dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ikùn rẹ̀ mú. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ẹ ní ọmọ tí wọ́n bá bí nínú ilé rẹ̀. Ilé yìí kọ́ ni mo fẹ́ bímọ sí?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ìyá tó bí Tolúwani gan-an ló sì là á mọ́lẹ̀. Ojú ti Mọ̀nsúrát dé egungun. Kì í ṣe nítorí ọkọ rẹ̀ nìkan. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé fíríìsà dé, òun ló jó wọ ilé níwájú àwọn tó gbé e. Lọ́jọ́ tí àwọn onítáìsì dé, àwọ̀ tó wù ú ló yàn. Àjọ wo ló ń so owó tó tó bẹ́ẹ̀? Ó mọ iye tí afàwọ̀n ń rí, ó mọ iye tí ẹja ń mú wọlé, síbẹ̀ kò béèrè, nítorí kò fẹ́ gbọ́ èsì. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Ó dìde, ó wé gèlè, ó tún un tú, ó tún un wé.

"Ẹ tú u láìdárúkọ," ni Ọdúnjọ wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ní inú ló bí yín láàárọ̀." Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí.

"Ẹ ò ní tẹ̀ lé mi?"

Ó wo ilẹ̀kùn, ó sì tún wo táìsì rẹ̀. Mọ̀nsúrát bọ́ síta lóun nìkan.

Ọ̀nà géètì kò jìn, ṣùgbọ́n ìkíni mú un jìn lọ́jọ́ náà. Àwọn tó jókòó lẹ́bàá kànga ń nawọ́ sí i. "Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ kú ìjà wa o! Bí kò bá sí yín, ta ni ì bá bá wa sọ̀rọ̀?" Ó ń dá wọn lóhùn, ó sì ń yára. Ìkíni kọ̀ọ̀kan ń ta á bí ata tó bọ́ sójú.

Wọ́n ti pé jọ síwájú géètì. Bíọ́dún wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fi okùn àwọ̀n di ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ètè rẹ̀ ti wú, ẹ̀wù rẹ̀ ti ya dé ìdí. Wọ́n ti ti ọ̀kadà rẹ̀ sínú ọ̀sà tó wà lẹ́yìn ìlú. Samson ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn irin rẹ̀, kò sì dá sí i.

"Mo ní iṣẹ́ lébìrà ni mo ṣe!" ni Bíọ́dún ń sọ pẹ̀lú ètè rẹ̀ tó wú. "Ní pọ́ọ̀tù! Sìmẹ́ńtì ni mo rù! Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́."

"Pa ẹnu ẹ dé, jàre!" ni Hakeem, olórí àwọn ọ̀dọ́, wí. Ó rí Mọ̀nsúrát. "Ẹ̀n-ẹ́n, Ìyá wa ti dé. Ẹ wá fún un ní tiẹ̀, kó lè jẹ́wọ́ kíá."

"Ẹ bá mi wá omi òkun."

Inú wọn dùn. Wọ́n rò pé ègún mìíràn ló kù. Ìyá Àyànlọ́lá fúnra rẹ̀ ló gbé kẹ́ẹ̀gì fún un. Mọ̀nsúrát bu omi sẹ́nu, ó tu ú sí ibi tó tu ti àárọ̀ sí. Iyọ̀ rẹ̀ ta ọ̀fun rẹ̀.

"Ohun tí mo fi ẹnu mi so láàárọ̀, mo fi ẹnu mi tú u. Ẹ bá mi ṣe àṣẹ."

Wọ́n wo ara wọn. "Ìyá, kí ló dé?" ni Hakeem béèrè. "Àánú rẹ̀ ló ṣe yín? Ṣé nítorí Bíọ́dún lẹ ṣe ń tú u?"

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún un níbẹ̀. Bó bá ti lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ṣe àṣẹ, wọ́n á tú Bíọ́dún sílẹ̀, ọmọ inú Tolúwani á bọ́ lọ́wọ́ ègún, wọ́n á sì máa yin Ìyá Ẹlẹ́ja pé ó láàánú olè. Bíọ́dún pàápàá á dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀.

Bíọ́dún gbé ojú sókè wò ó. "Ìyá, ẹ mọ̀ mí," ni ó wí. "Ẹ̀yin lẹ fún mi lẹ́ja jẹ nígbà tí ìyá mi kú."

Mọ̀nsúrát gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Kì í ṣe Bíọ́dún. Ẹ tú u sílẹ̀."

"Ta ni nígbà náà?"

Ó gbìyànjú, orúkọ ọkọ rẹ̀ kò jáde. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé rẹ̀ kò pe orúkọ náà rí, kì í ṣe ibi báyìí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ rántí àárọ̀," ni ó wí. "Ohùn tó ròkè ju ti gbogbo yín lọ nígbà tí ẹ ń ṣe àṣẹ. Ẹ rántí ohùn náà."

Wọ́n rántí. Ó rí i bó ṣe ń ti ojú ẹnì kan bọ́ sí ojú ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó bú u. Ìbá sàn kí wọ́n bú u. Hakeem bẹ̀rẹ̀, ó ń tú okùn lọ́wọ́ Bíọ́dún, kò sì lè wo ẹni tó ń tú. Àwọn obìnrin tó sún mọ́ Mọ̀nsúrát rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ tán, kò sì tíì sẹ́ni tó ṣe àṣẹ.

"Ọmọ mi fẹ́ bímọ," ni Mọ̀nsúrát wí. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. "Ẹ má wo tèmi. Ẹ má wo ti bàbá rẹ̀."

Ẹni tó kọ́kọ́ ya ẹnu ni ẹni tí ẹnu rẹ̀ wú. "Àṣẹ," ni Bíọ́dún wí, ó sì nu ẹ̀jẹ̀ ètè rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ìyá Àyànlọ́lá ṣe tiẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e lóhùn kékeré, bí ẹni tó ń san gbèsè tí kò jẹ.

"Ti ọmọ inú la ṣe yẹn," ni Ìyá Àyànlọ́lá wí. Kò pè é ní Ìyá Ẹlẹ́ja mọ́. "Ẹni tó ni ohùn náà, kó wá níwájú gbogbo ilé lọ́la, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ọ̀nà wa ṣe di tíkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni a ó mọ ohun tí a ó ṣe sí géètì."

Wọ́n tú ká. Kò sẹ́ni tó kí i lójú ọ̀nà bó ṣe ń padà lọ. Àwọn tó wà lẹ́bàá kànga ń fa omi wọn, wọ́n sì tẹjú mọ́ inú kànga.

Ọdúnjọ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ara ti férémù. "Wọ́n ṣe àṣẹ?"

"Wọ́n ṣe é. Bíọ́dún ló kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n ti nà án tán kó tó ṣe é."

Ó di ojú rẹ̀, ó tún un là. "Wọ́n mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀. Wọ́n ní kí ẹ wá lọ́la, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́."

"Níwájú gbogbo ilé?"

"Níwájú gbogbo ilé."

Ọdúnjọ di férémù mú. Ó dà bíi pé ó ti gbó sí i láti ọ̀sán. "Mọ̀nsúrát," ni ó wí, "ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?"

Mọ̀nsúrát bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ níta, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọ inú ilé.

"Ojú tí ẹ fi ń wò mí," ni ó wí.